Ohùn Tó Jò Lábẹ́ Ohùn

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́, ẹ lọ wo ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pe káfíńtà sí i. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ti ilẹ̀kùn nígbà tí inú bá ń bí i, gbígbá ló ń gbá a, inú sì máa ń bí i dáadáa. Kí ẹ má bàa rò pé mò ń ṣáátá rẹ̀, inú tèmi náà kì í pẹ́ ru. Ọmú kan náà la mu.

Elétí-Ọfẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Láti kékeré ló ti ń jẹ́ ẹ. Ó lè jókòó sínú yàrá kó sọ ẹni tó ń bọ̀ lójú pópó látinú ìró bàtà nìkan. Bí bàbá wa bá sọ fún ìyá wa pé òun ò ní pẹ́ dé, ẹ̀gbọ́n mi á bú sẹ́rìn-ín, torí ó ti gbọ́ ọ nínú ohùn bàbá wa pé yóò pẹ́. Ọkọ tó fẹ́, ọdún mẹ́rin péré ló lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní kò ṣeé bá gbé, pé èèyàn ò lè parọ́ fún un lórí fóònù kó má mọ̀. Mo sọ fún ọkùnrin náà lójú ara rẹ̀ pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n mọ irọ́ òun, kó má pa á. A ò kí ara wa mọ́ títí dòní, kò sì dùn mí.

Ilé iṣẹ́ kan náà la jọ wà. Èmi ni mo máa ń jókòó sí tábìlì àkọ́kọ́ tí ẹ bá wọlé, tí mò ń gba àlejò, tí mò ń gbé fóònù. Òun wà nínú yàrá kejì lápá ọ̀tún, yàrá tí kò ní fèrèsé, tí wọ́n lẹ fóòmù mọ́ ara ògiri rẹ̀ yí ká. Gíláàsì ńlá kan ló pín yàrá náà sí méjì. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú máìkì á jókòó sí òdì kejì, ẹ̀gbọ́n mi á jókòó síhìn-ín níwájú kọ̀ǹpútà. Kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ àga rẹ̀ ti ya sí ojú ibi tí táyà àga náà ń gbà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń yí àga síwá sẹ́yìn níbẹ̀, tó ń da ohùn pọ̀ fún àwọn ètò orí rédíò.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, torí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Nínú kọ̀ǹpútà yẹn, ohùn kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀. Olóòtú ètò ní ìlà tirẹ̀, àlejò ní tirẹ̀, orin ìbẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀. Gbogbo wọn ló máa jọ jáde lẹ́nu ọ̀nà kan náà sínú rédíò, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló ń sọ ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan á gbà kó tó débẹ̀. Òmíràn á lọ tààrà. Òmíràn á kọ́kọ́ ya yàrá kan: yàrá tó ń gé ariwo dànù, yàrá tó ń pa ohùn dà, yàrá ẹ́kò tó ń mú kí ọ̀rọ̀ dún padà bíi pé ẹni tó ń sọ ọ́ wà nínú ilé òfìfo. Kì í ṣe yàrá gidi o, inú ẹ̀rọ ni gbogbo rẹ̀ wà, àmọ́ bó ṣe ń pè é nìyẹn. Ó ní àwọn tí ò mọ iṣẹ́ ló ń rò pé kí ohùn kan lọ sókè kí òmíràn lọ sílẹ̀ ni àdàpọ̀. Ó ní ọ̀nà niṣẹ́ òun, pé ibi tí ohùn gbà ló ń sọ ohun tó máa dà.

Ọ̀gá wa wà lára àwọn tí ò mọ iṣẹ́. Ọ̀gá Ó-Kù-Díẹ̀ là ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí iṣẹ́ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ rí tí kò sọ pé ó kù díẹ̀. Orin á dùn, ó kù díẹ̀. Tíì á gbóná, ó kù díẹ̀. Ó ti wo fídíò mélòó kan nípa bí wọ́n ṣe ń da ohùn pọ̀, ó wá gbà pé òun náà ti di ọ̀jẹ̀. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ìyá kan wọlé tọ̀ wá wá. Á tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó wọ bàtà rọ́bà, apá rẹ̀ le bíi ti ẹni tó ti ń fún aṣọ ìnulẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ohùn rẹ̀ ni ẹni kan kì í gbàgbé: ó ha, ó wúwo, ó sì máa ń ṣẹ́ sí méjì láàárín ọ̀rọ̀. Agbálẹ̀ ni nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ó wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún ètò wa ti àárọ̀ Àbámẹ́ta.

Ohun tí ojú rẹ̀ rí nìyí. Bó bá ti di aago méjìlá ọ̀sán, tí kò sí àlejò, àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà á ya aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì sí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi so ọwọ́ àwọn arúgbó mọ́ bẹ́ẹ̀dì, kí àwọn lè ráyè sinmi. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ aṣọ rírán tẹ́lẹ̀, Bàbá Télọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó. Ìyá agbálẹ̀ ti fi ẹjọ́ sun obìnrin alábòójútó ilé náà, ìyẹn ní kó gbájú mọ́ ìgbálẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti so Bàbá Télọ̀ tán tí wọ́n jáde, ìyá agbálẹ̀ á gbé páànù omi wọlé bí ẹni fẹ́ nulẹ̀, á tú u sílẹ̀ fún wákàtí kan, á tún so ó padà kí wọ́n tó dé.

"Ọmọ mi," ó wí fún ẹ̀gbọ́n mi, "tí wọ́n bá fi lè dá ohùn mi mọ̀, wọ́n á lé mi. Tí wọ́n bá lé mi, ta ni yóò máa tú u?"

Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni kankan ò ní dá a mọ̀. Bí wọ́n bá dá a mọ̀, ẹ wá gé etí mi méjèèjì."

Nígbà tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tán, ẹ̀gbọ́n mi ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é. Ó dí ọ̀nà tààrà tí ìlà ìyá náà fi lè jáde, ó darí rẹ̀ sínú yàrá ìpohùndà, ó wá jẹ́ kó jẹ́ pé ohùn tó bá ti yí padà nìkan ló lè dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbé e sétí ìyá náà. Ìyá agbálẹ̀ gbọ́ ara rẹ̀, ó pariwo: "Ta wá lọkùnrin yìí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ó sì lọ sílé.

Ọ̀gá dé ní Ọjọ́bọ̀. Ó dúró sẹ́yìn àga, ó gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó yọ ṣùtì.

"Ohùn yẹn gbẹ jù," ó ní. "Ó kù díẹ̀. Fi ẹ́kò sí i kó lè wọni lára."

"Ẹ̀rí ni, Ọ̀gá. Kì í ṣe orin."

"Mo ní kó o fi ẹ́kò sí i."

"Mi ò fi."

"Ṣé ìwọ lo ni ilé iṣẹ́ ni, àbí èmi?"

Látorí tábìlì mi ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.  Ẹ̀gbọ́n mi fa báàgì rẹ̀ yọ lábẹ́ àga, ó jáde, ó gbá ilẹ̀kùn débi pé kálẹ́ńdà orí ògiri mi já bọ́. Ó kọjá níwájú mi láì wo ẹ̀gbẹ́. Inú mi dùn, mo fẹ́ kí Ọ̀gá mọ̀ pé a kì í ṣe ẹrú rẹ̀. Mo wá rí Ọ̀gá tó jókòó sórí àga ẹ̀gbọ́n mi, tó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Mo rẹ́rìn-ín, mo ń gbé kálẹ́ńdà mi kọ́ padà. Mi ò pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù pé ẹ padà wá, ọkùnrin yìí ti fọwọ́ kan iṣẹ́ yín o. Títí di báyìí, bí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n fọ́ ara mi létí.

Torí ẹ̀gbọ́n mi ní àṣà kan. Láàárín ọdún mọ́kàndínlógún yẹn, kò sí iṣẹ́ tó jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí kò kọ́kọ́ fi hẹ́dífóònù bo etí, kó di ojú, kó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ nígbà náà. Lọ́jọ́ yẹn, kò gbọ́ ọ. Ó wà nílé, inú rẹ̀ ń hó. Ọ̀gá fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ilé rédíò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ò sì wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

Àárọ̀ Àbámẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́dọ̀ onídìrí. Wọ́n ti dì í dé ìdajì orí. Rédíò onídìrí wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìgò òróró, ètò wa sì bẹ̀rẹ̀. Ohùn àyídà ń sọ̀rọ̀, ohùn ọkùnrin tí ìyá agbálẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ parí, gbogbo rẹ̀ dákẹ́, nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni nǹkan kan ti kù tó ń dún lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìrù ọ̀rọ̀ tó ń pòórá. Ohùn tó ha ni, ó wúwo, ó ṣẹ́ sí méjì. Onídìrí ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn oníbàárà yòókù ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde pẹ̀lú kóòmù lórí.

Bó ṣe wọlé bá mi nìyẹn, apá kan orí dídì, apá kejì dúró ṣánṣán bíi koríko. Iṣẹ́ ló kù fún mi tí mo fi wà nílé iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín sá wọnú.

Ó ṣí iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà, kò sì pẹ́ tó fi rí i. Ọ̀gá ti fi ẹ́kò sí i. Ibi tó ti mú ohùn tó fún ẹ́kò ló burú. Ká ní ó mú un lẹ́yìn tí ohùn ti gba yàrá ìpohùndà kọjá ni, ohùn ọkùnrin yẹn ni ì bá máa dún padà, kò ní sí wàhálà. Àmọ́ orí ìlà ìyá agbálẹ̀ gan-an ló ti mú un, kó tó dé yàrá kankan. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń jẹ́ kí omi kànga gba inú asẹ́ kó tó dé ilé, tí òmùgọ̀ kan wá lu páìpù níwájú asẹ́. Ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n mi dí wà ní dídí. Ẹ́kò gba ẹ̀yìn ọ̀nà náà, ó gbé ohùn ìyá náà ní ìhòòhò, ó sì kó o jáde sínú ayé.

Ọ̀gá dé nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè é. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Ta ló gbọ́ ọ?" ó ní. "Etí gbogbo ayé kọ́ ló rí bíi tìẹ."

"Ẹni tó bá ti ń gbọ́ ohùn yẹn lójoojúmọ́ fún ọdún mọ́kànlá á gbọ́ ọ! Ọ̀gá, kí lẹ fọwọ́ kan ohun tẹ́ ò mọ̀ fún?"

"Má pariwo mọ́ mi."

"Màá pariwo! Ẹ tú àṣírí èèyàn, ẹ ní kí n má pariwo?"

Fóònù tábìlì mi ló dún. Mo gbé e, mo mọ ohùn náà kó tó sọ orúkọ kankan.

"Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé wọ́n ti pè mí," ìyá agbálẹ̀ wí. "Obìnrin alábòójútó ní òun gbọ́ mi. Ó ní ńṣe lòun ń gbọ́ mi lábẹ́ ọkùnrin yẹn. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́." Ó wá bi mí pé, "Aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ yín?"

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lu méjìlá, Mà."

"Wọ́n ti fẹ́ máa so ó nìyẹn."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi gbá tábìlì, ó ní kí Ọ̀gá lọ sórí rédíò kó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ ló ṣe é, ẹ̀rọ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pè é ní òpùrọ́. Ìgbà náà ni Ọ̀gá yí sí i, tó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ta ló gbá ilẹ̀kùn lọ lỌ́jọ́bọ̀? Tó o bá jókòó gbọ́ ọ bó o ṣe máa ń gbọ́ ọ, ṣé kò ní hàn sí ẹ?"

Mo ti la ẹnu láti bú u. Èébú wà lẹ́nu mi, ó pọ̀, ó sì dára. Àmọ́ òótọ́ lọkùnrin náà sọ, ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó fi ọwọ́ bo apá orí tí wọn ò dì. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí màá rí i tí kò rí ilẹ̀kùn gbá.

A lọ bá ìyá agbálẹ̀ nílé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Yàrá kan ló ń gbé, ó mọ́ tónítóní. Ó ń ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì kó lè dá a padà. Kò fún wa ní ìjókòó. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi Ọ̀gá pamọ́, kò sì fi ilẹ̀kùn tó gbá pamọ́.

"Dìde," ìyá agbálẹ̀ ní. "Ìkúnlẹ̀ ẹ ò tú okùn."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"O ní kí n wá gé etí ẹ. Kí ni mo fẹ́ fi etí ẹ ṣe?" Ó fa síìpù báàgì náà. "Ẹ máa lọ ilé yín."

Inú bí mi sí i. Mo mọ̀ pé kò yẹ, àmọ́ ó bí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn, obìnrin tí kò kúnlẹ̀ fún ọkọ tàbí ọ̀gá. Mo kùn títí a fi dé ibi tí a ti wọ ọkọ̀. 

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé ojú sókè lórí tábìlì mi, mo rí bàtà rọ́bà. Ìyá agbálẹ̀ ò kí mi. "Níbo lẹ̀rọ yẹn wà?" ó ní. "Mo fẹ́ sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá sáré jáde. Ó ní àwọn dúpẹ́, pé lọ́tẹ̀ yìí àwọn á fi ohùn náà pamọ́ dáadáa.

"Ta lẹ fẹ́ fi í pamọ́ fún mọ́?" ìyá náà dá a lóhùn. Ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ jókòó sídìí máìkì, ó wo ẹ̀gbọ́n mi láti inú gíláàsì. "Mi ò dárí jì ẹ́ o. Kó yé ẹ. Tẹ ohun tó o máa ń tẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ẹ́. Ìyá náà sọ orúkọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ báyìí: "Kí n tó sọ ti ilé yẹn, kí n sọ ti ilé yìí. Obìnrin kan wà níwájú mi báyìí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní wọn ò ní dá ohùn mi mọ̀. Mo gbà á gbọ́. Ọ̀gá rẹ̀ bí i nínú, ó bínú lọ sílé, ó fi ohùn mi sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Nítorí ìbínú rẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan wà ní sísomọ́lẹ̀." Ó wá sọ ti ilé àwọn arúgbó, orúkọ ilé náà, wákàtí tí wọ́n ń so wọ́n, iye bẹ́ẹ̀dì.

Kí n tètè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí rédíò ní Àbámẹ́ta kejì, àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ ọmọ àwọn arúgbó yẹn ti kún ẹnu géètì kó tó di aago méjìlá. Ọmọ Bàbá Télọ̀ obìnrin ló gbé e lọ sílé rẹ̀. Ọjọ́ méje gbáko ni bàbá náà fi wà láìsí ẹni tó ń tú u, ẹnikẹ́ni ò sì lè dá ọjọ́ méje yẹn padà fún un. Wọn ò gba ìyá agbálẹ̀ padà síbi iṣẹ́. Bó bá pàdé ẹ̀gbọ́n mi lọ́nà, kì í kí i.

Àmọ́ ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àbámẹ́ta kejì yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti iṣẹ́ náà. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò gba yàrá kankan, láti ẹnu ìyá náà tààrà dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ní kó gé ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, pé kò kan aráyé, pé orúkọ ilé iṣẹ́ ló fẹ́ bà jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo. Ó bọ́ hẹ́dífóònù, ó nà án sí i, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin." Ọ̀gá jókòó. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé e sórí tábìlì, ó jáde.

Mo wá wọlé. Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo tilẹ̀kùn, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ọdún mọ́kàndínlógún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Mo ní iṣẹ́ wo ló tún fẹ́ rí ṣe níbikíbi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ti àwọn arúgbó sílẹ̀, ẹ gé tiyín kúrò. Ẹ ṣàánú ara yín. Gbogbo ìlú ló máa gbọ́ ọ!"

Ó ti fi hẹ́dífóònù bo etí padà. Ó ṣí apá kan kó lè dá mi lóhùn.

"Ṣebí gbogbo ìlú náà ló gbọ́ ohùn ìyá yẹn."